Ìró, Èsì àti Àmì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Túmọ̀ Ohun tí Ẹ̀rọ Aṣàwárí Mẹ́táàlì ń Sọ nípa Ohun tí ó Jìn Nínú Ilẹ̀

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881, Charles Guiteau yìnbọn lu James Garfield, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ibùdókọ̀ ojú irin kan ní ìlú Washington. Ọta kan wọ ẹ̀yìn Ààrẹ, kò sì jáde. Ní ìgbà náà, kò tí ì sí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara. Ìka ọwọ́ àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn oníṣègùn fi ń wá ọta nínú ojú ọgbẹ́. Alexander Graham Bell, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù ní 1876, wá gbé ohun èlò kan kalẹ̀. Òrùka wáyà ni ó tò lọ́nà tí agbára wọn fi pa ara wọn rẹ́, tí ẹni tí ó gbé tẹlifóònù sétí kò fi ní gbọ́ ohunkóhun, àfi bí mẹ́táàlì bá súnmọ́ wọn. Ó dán an wò lára àwọn jagunjagun àtijọ́ tí ọta ṣì wà lára wọn, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ààrẹ, ní ọjọ́ 26 oṣù Keje àti ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ohun tí ó gbọ́ rú u lójú. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ìró fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà káàkiri ibi tí ó wá dé. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó mọ̀ pé wáyà irin wà nínú ibùsùn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Dókítà Willard Bliss, tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń tọ́jú Ààrẹ, kò jẹ́ kí ó wá kọjá apá ọ̀tún, nítorí pé ibẹ̀ ni òun ti gbà pé ọta wà. Garfield kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, apá òsì ni wọ́n ti bá ọta náà, ó sì jìn wọnú ara.

Ẹ̀rọ Bell kò parọ́ fún un. Mẹ́táàlì wà nítòsí lóòótọ́, ẹ̀rọ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò lè sọ ni mẹ́táàlì wo, níbo, àti bí ó ti jìn tó. Èyí tí ó pọ̀ tí ó sì súnmọ́ tòsí ni ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ èyí tí ó kéré tí ó sì jìn lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bí ẹ̀rọ ti ń dára sí i tó, ibi tí ìṣòro wà kò yí padà: gbígbọ́ rọrùn ju títúmọ̀ lọ, pàápàá bí ohun tí wọ́n ń wá bá jìn.

Ìṣòro yìí kan olùtumọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ń kọ́ni ní ìlò ẹ̀rọ yìí máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe nǹkan mẹ́ta: agbára tí ń ti inú ilẹ̀ padà wá sínú ẹ̀rọ, ohun tí etí gbọ́, àti ohun tí ẹni tí ó gbọ́ ọ gbà pé ó túmọ̀ sí. “Àmì” ni ó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n “àmì” lédè Yorùbá kì í ṣe ohun tí ń dúró de ìtumọ̀; ó ti ní ìtumọ̀ kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Ṣíṣú ojú ọ̀run jẹ́ àmì òjò; ilà ojú jẹ́ àmì ìdílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá sọ fún pé “ẹ̀rọ fún un ní àmì” yóò rò pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tí ó jẹ́ pé kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n pín in: “èsì” fún agbára tí ó padà wá, “ìró” fún ohun tí etí gbọ́, kí wọ́n sì fi “àmì” pamọ́ fún ìgbà tí ìtumọ̀ bá ti wà. Bí wọ́n bá pín in báyìí, gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó kù yóò rí ẹsẹ̀ dúró lé.

Irin àti mẹ́táàlì

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ní ewu ni “irin”. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ohunkóhun tí ó le tí ó sì ń dún gbọngbọn ni irin. Nínú iṣẹ́ yìí, ìyẹn kò lè dúró. Gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ìlò ni èyí tí ń sọ pé ẹ̀rọ ń wá gbogbo mẹ́táàlì, ṣùgbọ́n pé ènìyàn lè mú kí ó dákẹ́ bí ó bá kan irin. Bí olùtumọ̀ bá fi “irin” sí ibi méjèèjì, yóò di pé ẹ̀rọ ń wá irin, kì í sì í wá irin. Ọ̀rọ̀ àyálò “mẹ́táàlì” kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ dúró fún gbogbo ẹ̀yà náà, kí irin jẹ́ irin, kí bàbà, idẹ, òjé, fàdákà àti wúrà máa jẹ́ orúkọ wọn. Wọn kò ṣe àjèjì sí ahọ́n Yorùbá. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni lílò wọn láìbìkítà. Àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ni gbogbo ayé ń pè ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí bàbà tí wọ́n pò mọ́ tánńgànran, nígbà tí ó jẹ́ pé idẹ ni púpọ̀ nínú wọn, tí àwọn kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà gédégédé. Ẹnu Yorùbá tí ń sọ pé “ère idẹ” súnmọ́ òótọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ìwé lọ.

Bí èsì ṣe ń wá

Òrùka wáyà méjì ni ó wà ní ìdí irú aṣàwárí tí ó wọ́pọ̀ jù. Iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ń gba inú òrùka kìíní, èyí tí ó bójú mu láti pè ní òrùka aránṣẹ́. Èyí a máa tan agbára òòfà tí ń yí padà sínú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan mẹ́táàlì, iná mànàmáná kékeré yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú rẹ̀ bí omi tí ń ṣe ìyípo nínú odò. Ìṣàn àyípo yìí náà yóò tan agbára òòfà tirẹ̀ jáde, èyí tí òrùka kejì, òrùka agbèsì, yóò gbà. Ìṣàn yìí kì í bẹ̀rẹ̀, kì í sì í tán, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ìfàsẹ́yìn. Nínú owó fàdákà tàbí bàbà tí ó nípọn, ìfàsẹ́yìn náà gùn. Nínú bébà alumíníọ́mù tí wọ́n fi ń di sìgá, ó kúrú. Irin yàtọ̀ sí gbogbo wọn nítorí pé òòfà ń fà á. Láti inú ìfàsẹ́yìn yìí ni ẹ̀rọ ti ń dá orúkọ sọ, tí ó fi ń ké ní ìró ìsàlẹ̀ fún irin, tí ó sì ń ké ní ìró òkè fún fàdákà.

Níhìn-ín, etí Yorùbá kò jẹ́ àlejò. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ dùndún láti kékeré mọ̀ pé òkè àti ìsàlẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀. Ó sì mọ̀ pé ohùn nìkan kò tó: ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ó ní ohùn kan náà, ibi tí ayàn dúró sí àti ẹni tí ó ń kì ni ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ó ń wí. Bákan náà ni ti aṣàwárí. (Níwọ̀n bí àwọn onímọ̀ èdè ti gba “ohùn òkè” àti “ohùn ìsàlẹ̀” tán, ó dára kí ti ẹ̀rọ máa jẹ́ “ìró”, kí àwọn méjèèjì má baà dàrú mọ́ ara wọn.)

Ohun tí jíjìn ń ṣe sí èsì

Èyí gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà, àwọn ìwé ìlò sì máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Bí ohun kékeré kan bá ti jìn kọjá ìwọ̀n òrùka, agbára òòfà tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń dínkù gidigidi. Bí jíjìn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó kàn án yóò di ìdá kan nínú 8. Ṣùgbọ́n èsì náà gbọdọ̀ padà gba ọ̀nà kan náà wá sókè, òun náà yóò sì di ìdá kan nínú 8 lójú ọ̀nà. Nígbà tí yóò fi dé òrùka agbèsì, ìdá kan nínú 64 ni ó kù. Bí jíjìn bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú 729 ni. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹ̀rọ kan tí ènìyàn lè fi owó ìlọ́po méjì rà kí ó sì máa gbọ́ ohun tí ó jìn ní ìlọ́po méjì. Òrùka tí ó tóbi a máa ran ohun tí ó jìn lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n a máa sọ ohun wẹ́wẹ́ tí ó wà lókè nù.

Ohun méjì ni ó tẹ̀lé ìṣirò yìí. Èkíní ni pé líle ìró kò lè sọ jíjìn. Ohun ńlá tí ó jìn àti ohun kékeré tí ó wà lókè lè ké bákan náà. Òkúta wúrà tí Kevin Hillier rí ní Kingower, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní 1980, wọn kilogíráàmù 27. Òrùka ìgbéyàwó kò tó kilogíráàmù kan nínú ọgọ́rùn-ún. Òǹkà jíjìn tí ń hàn lójú ẹ̀rọ, bí ẹni pé owó kọ́bọ̀ ni gbogbo nǹkan tí ó wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Bí ohun náà kì í bá ṣe owó, òǹkà náà kò wúlò.

Èkejì ni pé bí ìró bá ṣe gùn sí a máa sọ ohun tí líle rẹ̀ kò lè sọ. Ìṣó kékeré tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí ojú ilẹ̀ yóò ké pàá, yóò sì dákẹ́, nítorí pé ìgbà tí òrùka wà lórí rẹ̀ gan-an nìkan ni ó lè fèsì. Ohun tí ó jìn, bí òrùka ti ń bọ̀ lókèèrè ni yóò ti máa dìde, yóò wú díẹ̀díẹ̀, yóò sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìní etí mímú kankan. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń fi irú ìró bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n á ní ilẹ̀ ni ó ń kùn. Ọ̀nà kan wà láti dán an wò: kí wọ́n gbé òrùka sókè ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Bí wọ́n bá fi òfin òkè yìí ṣírò ó, èsì ohun tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 kò ní tó ìdá kan nínú márùn-ún èyí tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èsì ohun tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 yóò ṣẹ́ kù tó ìdajì. Ohun tí ó tètè kú nígbà tí wọ́n gbé òrùka sókè, òkè ni ó wà. Ohun tí kò fẹ́ kú, ó jìn, ó sì tóbi.

Ilẹ̀ náà ń fèsì

Ilẹ̀ kì í dákẹ́. Nínú ilẹ̀ pupa, nínú yanrìn dúdú àti nínú yangí, irin wà gẹ́gẹ́ bí ara òkúta fúnra rẹ̀, òòfà sì ń kàn án. Èsì rẹ̀ lè pọ̀ ju ti ohun tí wọ́n ń wá lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí pé abẹ́ òrùka gan-an ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ bá ilẹ̀ mu: wọ́n ń gbé òrùka sókè sódò lórí ibi tí kò sí mẹ́táàlì, wọ́n sì ń yí ìdè ẹ̀rọ títí ìró kíkùn rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. “Ìbálẹ̀mu” lè jẹ́ orúkọ iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Ibi tí yangí bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe.

Ibi tí ilẹ̀ ti ń ṣe ìpalára jù ni ìdárúkọ. Bí èsì ohun kan bá ti ń rẹlẹ̀ nítorí jíjìn, èsì ilẹ̀ a máa dàpọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ a sì máa wọn ìfàsẹ́yìn àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹyọ kan. Owó bàbà tí ń ké ní ìró òkè ní sẹ̀ǹtímítà 10 lè máa ṣe ségesège ní 20, kí ó sì di “irin” ní 25. Ó ṣì ń fèsì. Orúkọ rẹ̀ ni ó sọnù. Agbára ìdárúkọ ń tán kí agbára ìgbọ́ tó tán. Ẹni tí ó bá ti yí ìyàsọ́tọ̀ sókè kí irin lè dákẹ́, kò mọ̀ pé òun ti pa gbogbo ohun tí ó jìn lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Irin náà sì ní ẹ̀tàn tirẹ̀ ní ìdà kejì: ìdérí agolo tí ó ti dípẹtà àti irin pátákò ẹṣin a máa ké ní ìró òkè bí fàdákà. Nítorí náà, ẹni tí ń wá ohun jíjìn kò gbọdọ̀ lo ìyàsọ́tọ̀ láti fi wá nǹkan. Kí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ná, kí ó fì òrùka kọjá láti ìhà méjì tí ó dábùú ara wọn, kí ó bù díẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, kí ó sì tún gbọ́. Bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá bá kúrò lókè, orúkọ tí ó sọnù lè padà.

Irú ẹ̀rọ mìíràn wà tí kì í ránṣẹ́ tí kì í sì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò ju agbára sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kíún, yóò dákẹ́, yóò sì fetí sí bí ìṣàn àyípo ti ń kú lọ. “Adákẹ́gbọ́” bá a mu. Ilẹ̀ yangí kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, ìdí nìyẹn tí àwọn awawúrà Ọsirélíà fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ dá tó ti èkíní.

Níbi tí àṣìṣe ti ń pani

Józef Kosacki, ọmọ ogun ilẹ̀ Pólàǹdì tí ó wà ní Skọ́tíláǹdì nígbà ogun àgbáyé kejì, ni ó ṣe aṣàwárí tí ọmọ ogun kan lè gbé rìn láti fi wá àdó olóró inú ilẹ̀. Wọ́n lò ó nígbà ogun El Alamein ní 1942. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ń ṣe àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike ṣe é, tí ó fi jẹ́ pé mẹ́táàlì inú òmíràn kò tó gíráàmù kan. Bí irú èyí bá wọlẹ̀ díẹ̀, ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìdajì ìṣó. Nínú iṣẹ́ yìí, kò sí ìyàsọ́tọ̀ rárá. Gbogbo ìró ni wọ́n ń kà sí àdó títí wọn yóò fi rí i lójú, wọ́n sì ń ti ẹ̀gbẹ́ gbẹ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe láti òkè. Bí ìwé ìlò tí wọ́n túmọ̀ fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wí pé “bí kò bá sí àmì, ilẹ̀ náà dára”, olùtumọ̀ ti sọ ju ohun tí ẹ̀rọ sọ lọ. Ohun tí ẹ̀rọ sọ ni pé kò sí ìró títí dé ìwọ̀n jíjìn kan, nínú irú ilẹ̀ kan, fún irú àdó kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ri àdó tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an láàárọ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí etí ẹ̀rọ parí sí.

Ní ìdà kejì, ẹ̀rọ lè mú ènìyàn dé ibi tí kò rò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1992, Eric Lawes ń wá òòlù tí àgbẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọnù sínú oko ní Hoxne, ní ẹkùn Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìró tí ó gbọ́ kì í ṣe ti òòlù. Nígbà tí ó rí owó àti ṣíbí fàdákà, ó dá gbígbẹ́ dúró, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn awalẹ̀pìtàn. Nítorí pé ó dúró, àwọn awalẹ̀pìtàn rí bí wọ́n ti to ẹrù náà sínú àpótí láti ayé àwọn ará Róòmù: owó wúrà tí ó lé ní 500 àti owó fàdákà tí ó lé ní 14,000. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú.

Ìpínrọ̀ ìwé ìlò kan, bí wọ́n bá lo àwọn ọ̀rọ̀ òkè yìí, lè lọ báyìí: “Mú aṣàwárí bá ilẹ̀ mu. Pa ìyàsọ́tọ̀. Fì òrùka jẹ́jẹ́ láìgbé e sókè ní ìparí fífì. Bí ìró kíkùn bá wú, tí ó sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, padà sórí rẹ̀. Fì í láti ìhà kejì. Bí èsì bá wà níhà méjèèjì, gbé òrùka sókè, kí o sì gbọ́ bí ó ti ń kú. Má ṣe sọ ohun tí ó jẹ́ kí o tó rí i.”

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò tí ì rí orúkọ, ìyẹn ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ gan-an. “Àfojúsùn” kò bá a mu, nítorí pé ojú kò tí ì kàn án. “Ohun àwárí” sì ti gbà pé wọ́n ti rí i. Àwọn olùkọ́ lè gbé “afèsì” yẹ̀ wò. Kò sọ ju pé nǹkan kan dáhùn lọ: ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ìṣó, ó lè jẹ́ àdó olóró. Nínú yàrá Garfield, afèsì méjì ni ó wà, Bell kò sì mọ̀ ju ẹyọ kan lọ.